Bí Mo Ṣe Gba Ìwé Ẹ̀rí Òkìtì

Ṣílè mẹ́ta àti sísì ni àpò òwú àràbà kan ní Iléṣà lọ́dún tí ogun parí. Àpò mẹ́ta ló ń kún tìmùtìmù kan bó bá jẹ́ olóòótọ́ ló rán an. Àpò méjì ààbọ̀ ni tèmi, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé bó bá sùn lé e fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò wú. Kò sí tìmùtìmù tó ń wú láyé yìí. Ẹ̀yìn ẹni tó ń sùn lé e ni ó ń mọ́ lára.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ìjọba fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

Ìsọ̀ mi kọjú sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ìjọ dá sílẹ̀. Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá: òkìtì iwájú, òkìtì ẹ̀yìn, fífi ọwọ́ rìn bíi pé ẹsẹ̀ wọn ló ń ṣàìsàn, àti èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọkùnrin mẹ́rin á kúnlẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ewúrẹ́. Mẹ́ta á gun ẹ̀yìn wọn, méjì á gun ẹ̀yìn mẹ́ta, ọmọbìnrin kékeré kan á wá dúró ṣánṣán lókè pátápátá, á na ọwọ́ méjèèjì. Tíṣà á kà á dé ẹẹ́wàá, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbé ọmọ mẹ́ta pọ̀n sẹ́yìn kí ẹ ka ẹẹ́wàá, ẹ ó rí bó ṣe gùn tó.

Ilẹ̀ pápá wọn le bí ojú agbowó-orí. Ọjọ́ kan tíṣà wọlé tọ̀ mí wá, ó dọ̀bálẹ̀.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ yá wa ní tìmùtìmù méjì. Ìrọ̀lẹ́ la ó dá a padà.”

“Yá kẹ̀? Ìwọ náà máa ń yá èèyàn ní bẹ́ẹ̀dì rẹ?”

“Nítorí àwọn ọmọ ni, mà. Kí wọ́n má baà fi orí gbá ilẹ̀.”

“Àwọn ọmọ wo? Àwọn tí kì í fọ ẹsẹ̀ yẹn?”

Mo yá a. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé tìmùtìmù mi lọ, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í kí wọ́n má baà fi erùpẹ̀ ra á lára. Bó ṣe di pé ojoojúmọ́ ni mò ń lọ nìyẹn. N kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ kankan, ọjà mi ni mò ń ṣọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún tàbí kẹfà, ọmọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọ oníbúrẹ́dì kan tí kò tíì ju ọdún méje lọ, gbọ̀n, ó sì yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò sí tìmùtìmù. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gèlè mi wà nílẹ̀, ọmọ sì wà láyà mi, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo jábọ́. Ìyanu kọ́. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ju tìmùtìmù sí mi láti orí lọ́rì, tí mo ń fi àyà gbà á. Ọmọ oníbúrẹ́dì kò wúwo tó tìmùtìmù olówùú àpò méjì ààbọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò gòkè mọ́ bí n kò bá dúró nísàlẹ̀. Tíṣà lè pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ. Ọmọ á kàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní: “Màmá Onítìmùtìmù dà?” Èmi á sì fi oníbàárà sílẹ̀, á di kí n máa sáré sọdá títì, tí ẹni tó fẹ́ ra tìmùtìmù ìyàwó tuntun á máa bú mi lẹ́yìn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé tíṣà lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó wá dágbére, ó bú sẹ́kún. Mo ní kí ló ń pa á lẹ́kún, ṣé òkè òkun ni Ìpetu? Ó ní nítorí àwọn ọmọ ni. Wọ́n ti ń múra láti bí oṣù márùn-ún fún àfihàn ńlá kan tí àwọn ilé-ìwé fẹ́ ṣe ní pápá Òṣogbo, kò sì sí tíṣà mìíràn nílé-ìwé náà tó lè ta òkìtì láìfọ́ eegun. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ sọdá títì wá. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo ti mọ̀ pé wàhálà dé.

“Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ bá wa máa mú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ títí àfihàn á fi kọjá. Ẹ̀yin lẹ ti ń wò wọ́n.”

“Ọ̀gá, wíwò ni mò ń wò. Mo ń wo bísọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ ìsinmi, n kò lè ṣe é.”

“Ẹ ṣáà máa ka ẹẹ́wàá fún wọn.”

Mo ka ẹẹ́wàá fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ni lẹ́tà bá dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kà á fún mi lórí ìdúró, ojú rẹ̀ ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọmọ kan ti ṣẹ́ lápá ní ìlú kan, nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ní òkìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ gun ara wọn. Ilé-ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ kò bá ní ìwé náà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ kàn yan bíi sójà kọjá níwájú àwọn àlejò, kí wọ́n sì máa lọ jókòó.

Àwọn ọmọ gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún wá dúró síwájú ìsọ̀ mi lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n kàn ń wo tìmùtìmù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mẹ́rìndínlógún dákẹ́ wò yín rí. Mo ní: “Kí ni mo jẹ yín? Ẹ lọ sílé.” Wọn kò lọ. Mo ní: “Ó dáa, èmi á lọ gba ìwé náà.” Ẹnu mi ló ń kó bá mi láti kékeré.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ Sátidé mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè Fìà ní Òṣogbo. Ẹni tó bá pa ẹyọ kan jẹ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé pé èèyàn dáadáa ni mí, èyí tí ọ̀gá kọ láìwo ojú mi. Fọ́tò méjì. Owó ìdánwò, tí ilé-ìwé san. Ìwé dókítà pé ara mi dá ṣáṣá. Lẹ́yìn náà, ìdánwò níwájú ọ̀gá àgbà, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ́. Fọ́ọ̀mù wọn tún béèrè ibi tí mo ti kàwé jáde. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé Sitáńdààdì Tuù ni mo ti jáde, ojú fèrèsé ni mo sì gbà jáde, nítorí tíṣà wa dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pàṣán. Kò kọ ti fèrèsé.

Dókítà náà ò gbẹ́yìn.

“Ọmọ ọdún mélòó ni yín, mà?”

“Ẹ wojú mi, kí ẹ kọ iye tó bá yẹ.”

Ó kọ méjìdínláàádọ́ta.

“Háà, dókítà! Ẹ tún un wò dáadáa. Ẹ gbà á ní ogójì.”

“Mà, kì í ṣe ọjà la ń ná níhìn-ín.”

Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà lòun náà, a ná an. Ó jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Iye ọdún tí mo ń lò títí dòní nìyẹn, mo kàn ń ṣí i lọ síwájú.

Àwọn Sátidé mẹ́fà yẹn, bí mo bá rántí wọn báyìí, orúnkún mi ló ń kọ́kọ́ rántí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti wà nínú bọ́lẹ̀kájà, mo fún mọ́ àárín agbọ̀n kòkò àti ìyá kan tó ń sùn lé mi léjìká. Títì náà ò dára. Bí a bá dé Òṣogbo, ara mi á ti kọ́kọ́ ta òkìtì tirẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìró ò ṣe é fi ta òkìtì, nítorí náà mo rán ṣòkòtò. Aṣọ wo ni mo ní nílé ju aṣọ tìmùtìmù lọ? Èyí onílà búlúù àti funfun, tó nípọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ sọ̀kalẹ̀ ní Òkè Fìà, ọmọ gáréèjì kan kígbe sí mi látorí bọ́ńpà lọ́rì:

“Màmá, bẹ́ẹ̀dì ta lẹ bó wọ̀ yìí?”

“Ti bàbá rẹ ni. Ó ní kí n kí ẹ.”

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ, òun gan-an ló ń bá mi gba àyè nínú ọkọ̀ ìpadàbọ̀.

Àwa méjìlá la wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin ni àwọn mọ́kànlá, wọ́n ń wọ bàtà kánfáàsì funfun, wọ́n ń pè mí ní màmá, wọ́n ń rò pé mo wá tajà. Ẹni tó ń kọ́ wa jẹ́ ọkùnrin kúkurú kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí kó tó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ó lo oṣù mélòó kan nílùú òyìnbó nítorí iṣẹ́ òkìtì yìí. Fèrè rélùwéè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá fọn ọ́n, a ó dìde. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, a ó ṣubú. Ìṣubú ló fi Sátidé àkọ́kọ́ kọ́ wa. Ó ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣubú kò lè kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń dúró.

“Ẹ ká ara yín jọ, mà, kí ẹ yí gbirigbiri. Ẹ má fọwọ́ tì í.”

“Ọ̀gá, ibo ni kí n ká gbogbo èyí sí?”

“Ibi tó bá gbà, mà.”

Mo ṣubú ní ìgbà mọ́kànlélógún lọ́jọ́ náà. Pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà ń dáhùn bíi pé ẹnì kan ń kan ìlẹ̀kùn. Nígbà tí mo délé, n kò lè jókòó, n kò lè dùbúlẹ̀, èmi tó ń ta tìmùtìmù. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé òwú àpò méjì ààbọ̀ kéré lóòótọ́.

Sátidé kẹta, ọ̀rọ̀ eegun ló bá wa sọ. Ó ní bí apá ọmọ bá ṣẹ́ ńkọ́? Tíṣà kan ní kí a fà á kó padà sáyè. Èmi ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn eegun ẹ̀yìnkùlé wa, tó to eegun ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá di orí mú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa nǹkan kan, kí a fi pákó pẹlẹbẹ méjì há apá náà láàárín, kí a fi aṣọ dì í, kí a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí a má ṣe fún un lóúnjẹ lójú ọ̀nà. A ń dì í mọ́ ara wa lára láti fi kọ́ ọ. Mo fi ìdè onítìmùtìmù di tíṣà Ìkìrun kan, abẹ ni wọ́n fi gé e kúrò. Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo béèrè ohun tó kọ. Ó ní: “Mo kọ ọ́ pé ìdè yín dúró, mà.”

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ló ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ní láti máa wí i tẹ̀ lé e bí katikísìmù: “Ojú lára ọmọ, ọwọ́ lábẹ́ ọmọ.” Ọmọ tó bá ti kúrò nílẹ̀, ojú olùkọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀.

“Bí oyin bá ta mí ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ojú lára ọmọ.”

“Bí ilé bá ń jó?”

“Ẹ kọ́kọ́ sọ ọmọ kalẹ̀, mà. Kí ẹ tó wá sá.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì rò pé a ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ ìdánwò, ilé-ìwé háyà lọ́rì fún àwọn ọmọ. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró ti ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ó ń kìlọ̀ fún wọn. Kò sọ nǹkan kan nípa òkìtì. Ó ní: “Òṣogbo lẹ̀ ń lọ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ Iléṣà kò lẹ́kọ̀ọ́. Àgbàlagbà yòówù tí ẹ bá rí, ẹ kí i. Ọkùnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tí mo bá gbọ́ pé kò kí èèyàn, ẹgba mẹ́fà.” Àwọn ọmọ ní: “Yẹ́s, sà!” Èmi náà mi orí. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, àbí?

A dé Òkè Fìà. Ọ̀gá onífèrè ní nítorí pé èmi ni àgbà láàárín àwọn méjìlá, kí n kọ́kọ́ ṣe tèmi. Wọ́n ti gbé àga ọlọ́wọ́ kan síwájú fún ọ̀gá àgbà láti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò tíì dé, wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ ná. Àwọn ọmọ mẹ́fà ta òkìtì tiwọn, ó gún régé. Mo ní kí mẹ́wàá yòókù kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mẹ́rin kúnlẹ̀, mẹ́ta gùn, méjì gùn. Ọmọ oníbúrẹ́dì wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gòkè, ó dúró. Ojú mi wà lára rẹ̀, ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Bàbá arúgbó kan wọlé, agbádá funfun, fìlà, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń rìn bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ń lé e. Ọ̀gá àgbà ni.

Gbogbo tíṣà mọ́kànlá tó jókòó sí ẹ̀bá ògiri wólẹ̀. Ọ̀gá onífèrè fúnra rẹ̀ kúrú sí i. Àwọn ọmọkùnrin mi mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ tẹlẹ̀. Kí ló kù? Wọ́n kàn na ẹsẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàárọ̀, sà!”

Àjà mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹ́ta já lé mẹ́rin, méjì já lé mẹ́ta, wọ́n ń yí gbirigbiri bí ọsàn tó bọ́ lórí àtẹ, síbẹ̀ àwọn kan ń sọ “ẹ káàárọ̀, sà” nínú eruku. Ọmọ oníbúrẹ́dì fò sókè díẹ̀ kó tó wálẹ̀. Mo gbà á. Ó wọ inú àyà mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì nà gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ.

 Gbogbo èèyàn wà nílẹ̀ àfi èmi. Bàbá náà dúró, ó gbé ọ̀pá lé ilẹ̀, ó ń wò mí nínú ṣòkòtò tìmùtìmù.

“Ta ni obìnrin yìí, tó dúró ṣánṣán bí òpó iná?”

Ọ̀gá onífèrè ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo dáhùn fúnra mi.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọwọ́ mi kò ṣófo. Bí mo bá sọ eléyìí kalẹ̀, màá kí yín.”

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo apá rẹ̀, mo lọ wo àwọn mẹ́sàn-án yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan bó lórúnkún, kò sí mìíràn. Nígbà náà ni mo wá kúnlẹ̀, eékún mi méjèèjì dún.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀,” ni bàbá wí. N kò mọ̀ bóyá inú ń bí i. Ojú àgbà ni.

Òun àti ọ̀gá onífèrè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀gá padà wá, ojú rẹ̀ ń tì í. Ó ní dídi ọmọ mú, mo yege. Kò sí ẹni tó lè yege ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé bí àwọn ọmọ bá wó kí a tó ka ẹẹ́wàá, olùkọ́ wọn ti fìdí rẹmi. Oṣù mẹ́fà ló sì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó tún wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí àfihàn ó dé.

Mo wo àwọn ọmọ. Wọ́n ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, eruku lójú, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kí àgbà, wọ́n sì rí i pé ó burú. Lójú tiwọn, ayé ti dàrú. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ ń sunkún láìmú ohùn jáde. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Ó rẹ̀ mí bíi pé èmi ni mo gbé gbogbo wọn lé ẹ̀yìn láti Iléṣà. Ǹ bá ti di ẹrù mi. Ẹnu mi yìí náà ló tún ṣí.

“Sà, ẹ dákun, ẹ jáde.”

Bàbá yíjú. “Kí lo wí?”

“Mo ní kí ẹ jáde lọ síta, sà, kí ẹ tún wọlé. Àwọn ọmọ yìí mọ òkìtì. Àgbà ni wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀bi àwa tí a kọ́ wọn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn.”

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ní “Màmá!” bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ bò mí lẹ́nu.  Bàbá náà yí agbádá rẹ̀ sẹ́yìn, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn.

Mo kó àwọn ọmọ jọ. Mo ní: “Ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá gbé èèyàn sẹ́yìn ti kí gbogbo ayé tán. Bí bàbá yẹn bá wọlé, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Bí ọba wọlé, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ nà yín nítorí ẹ̀, kó wá nà mí.”

“Màmá, ẹgba mẹ́fà ni o,” ni ẹni tó ń sunkún wí.

“Mẹ́fà náà ni kó fún mi. Ẹ̀yìn mi nípọn. Ẹ kúnlẹ̀.”

Wọ́n tún un kọ́. Ọmọ oníbúrẹ́dì kò gòkè kíákíá lọ́tẹ̀ yìí. Mo na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀, mo ní kó wò ó dáadáa, ọwọ́ àná náà ni tòní. Ó gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlẹ̀kùn ṣí ní ẹ̀ta.

N kò rí bàbá náà, ojú mi wà lókè. Mo kàn ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí pákó, kò-kò-kò, ó ń yí wa po. Mo gbọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró níwájú àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀. Mo rí i pé gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí omi tó fẹ́ hó. Ó ń dun àwọn ọmọ yẹn. Ẹni tí kò bá tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa kò ní mọ bó ṣe ń dun ọmọ pé kí àgbà dúró níwájú òun, kí òun má wí nǹkan kan. Ẹ̀fà. Èje. Nígbà náà ni ọ̀kan nísàlẹ̀, láìgbé orí, láìmi ẹ̀yìn, sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Ẹ káàárọ̀, sà.” Àwọn mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà á. Àwọn mẹ́ta òkè gbà á, méjì gbà á, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ oníbúrẹ́dì lókè pátápátá, tó sọ tirẹ̀ sí àjà ilé. Kò sí ẹni tó mira.

“Ẹẹ́wàá,” ni mo wí.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni ìkẹyìn kanlẹ̀, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tún kí bàbá náà lákọ̀tun bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Mẹ́kà. Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní: “Ẹ kọ ọ́ fún un.” Ó tún sọ fún àwọn mọ́kànlá pé òun á máa wọlé bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lójijì, ẹni tó bá kí òun, kó máa lọ sílé. Ẹ bá rí ojú wọn.

Wọ́n kọ ọ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀, èdìdì pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi dúró ní pápá Òṣogbo níwájú èrò, àwọn àlejò ńláńlá ń wọlé, wọ́n ń jáde, àwọn ọmọ kò kí ẹnì kankan. Mo ka ẹẹ́wàá. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ bínú, mo fi èdìdì hàn án. Mo dùbúlẹ̀ sórí koríko lẹ́yìn náà, mo sun oorun títí wọ́n fi kó gbogbo àga tán.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Kí akọ̀wé tó lẹ èdìdì mọ́ ìwé mi lọ́jọ́ ìdánwò, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, owó ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́dọ̀ san, èmi fúnra mi ni mo sì máa san ẹ̀ẹ̀kejì. Mo san án. Ọ̀gá àgbà gbọ́ lẹ́yìn náà, ó kọ bébà pélébé kan fún mi pé ìwọlé òun ló fà á, kí wọ́n dá owó náà padà fún obìnrin náà. Ó ṣe dáadáa. Mo gbé bébà lọ sí Òṣogbo. Akọ̀wé yẹ fọ́ọ̀mù wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀.

“Mà, fọ́ọ̀mù yìí ní àyè fún ẹni tó ṣàìsàn, ó ní àyè fún ẹni tó kú. Kò ní àyè fún ọ̀gá tó jáde tó tún wọlé.”

“Kọ ọ́ sí àyè ẹni tó kú.”

“Màmá, ẹ̀yin náà!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá. Mo padà lọ. Ó ní wọ́n ti kó ìwé lọ sí Ìbàdàn. Mo tún padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Akọ̀wé mìíràn ló wà níbẹ̀, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà, èmi tí mo gba ojú fèrèsé jáde. Mo jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì wọn, mo fọwọ́ ra orúnkún. Lẹ́yìn náà, mo ká bébà bàbá náà róbótó, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tó ń mì, ó sì dúró. Mo bá wọkọ̀ lọ sílé. Ohun tí mo pàdánù lórí ìwé ẹ̀rí òkìtì, ṣílè mẹ́wàá àti sísì: owó àpò òwú mẹ́ta géérégé, tìmùtìmù olóòótọ́ kan.